Fọ́ọ̀mù Tí Bàbá Yacoubou Fúnra Rẹ̀ Kọ

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Bassirath nu eruku kúrò lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé ife kókó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olóko kajú ní Manigri. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà. Àlòkù ló rà, ó sì fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan tẹ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sínú ìwé kékeré kan.

Iṣẹ́ náà kò le lójú rẹ̀. Ètò kan ti dé sí agbègbè Bassila tó ń pín ọmọ igi kajú fún àwọn tí iná ọ̀dàn jó oko wọn. Lọ́dún tó kọjá, orí bébà ni wọ́n kọ orúkọ sí. Lọ́dún yìí, bírò, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ètò náà ní Bassila, ní àwọn kò gba bébà mọ́. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fọ́ọ̀mù tí èèyàn lè kọ lórí fóònù, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣáájú ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò ní gba igi kankan.

Bassirath mú fọ́ọ̀mù bébà ti ọdún tó kọjá, ó tún un tò lórí kọ̀ǹpútà, ó fi àwọ̀ ewé kùn ún, ó sì fi àwòrán èso kajú sí igun rẹ̀ lókè. Níbi tí èèyàn yóò ti kọ nǹkan, ó to àmì tótó lọ gbọọrọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí bébà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di àwòrán kan kó má baà tú. Ní Ọjọ́rú, ó fi í sórí Wàsáàpù ẹgbẹ́.

Mamoudou, ààrẹ ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ dáhùn. “Akọ̀wé, ó rẹwà púpọ̀. Ó dà bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mo ti ń wo ibi tí wọ́n kọ oúnjẹ sí.”

Inú Bassirath dùn. Kò pẹ́ ni ohùn mìíràn wọlé, ohùn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Bassirath ọmọ mi, mo rí fọ́ọ̀mù rẹ gbà, o ṣeun. Fóònù mi sọ pé àwòrán ni. Mo ní kó tún un kà. Ó tún ní àwòrán ni. Bóyá kí o yà ní ilé wa.”

Bàbá Yacoubou ni. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Parakou ló ra fóònù fún un, tó sì fi hàn án bí a ṣe ń tan ohùn tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń ka ohunkóhun tí ìka bá kàn lójú fóònù. Èdè Faransé ni ohùn náà ń sọ. Bàbá sì gbọ́ Faransé dáadáa, nítorí ó jókòó nílé ẹ̀kọ́ títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Bassirath lọ. Ó bá bàbá lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín agbo ilé. Bintou, ìyàwó ọmọ rẹ̀, jókòó nítòsí, ó ń bẹ iṣu.

“Ẹ kú jókòó, Bàbá. Bintou, ẹ kú iṣẹ́.”

“Káàbọ̀, akọ̀wé. Jókòó, kí o wá gbọ́ bí obìnrin inú fóònù mi ṣe ń bá ọ wí.”

Bàbá fi ìka kan ojú fóònù. “Ìmáàjì,” ni ohùn náà wí. Ó tún fi kàn án. “Ìmáàjì.”

Bassirath sáré wá ẹ̀dà kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kò tíì sọ di àwòrán, ó fi í ránṣẹ́ sí bàbá. Fóònù ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì bọ́ sórí àwọn àmì tótó, ó ń fi Faransé pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Puẹ́ǹ, puẹ́ǹ, puẹ́ǹ, puẹ́ǹ…”

Bàbá gbọ́ ọ títí. “Ó ti di mọ́kànlélógójì,” ni ó wí. “Obìnrin yìí mọ ìwé kà o. Ṣùgbọ́n kò tíì bi mí ní nǹkan kan.”

Ẹ̀rín pa Bassirath, ojú sì tì í díẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ fún yín. Ẹ máa sọ ọ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́.”

Bintou gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Akọ̀wé, wọ́n ti kọ ọ́ fún bàbá rí,” ni Bintou wí. “Èmi ni mo kọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé bébà wá síbí, ọkọ mi ò sí nílé, wọ́n ní kí n kọ orúkọ bàbá. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Bàbá ọkọ mi. Báwo ni màá ṣe kọ orúkọ wọn?”

Bassirath mi orí. Nílé wọn níbẹ̀, ìyàwó kì í dárúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Bintou wọlé ló ti ń pè é ní Bàbá Abẹ́-Igi, nítorí abẹ́ máńgòrò yìí ló ti bá a.

“Ohun tí mò ń pè wọ́n ni mo kọ,” ni Bintou wí. “Mo kọ ọ́ dáadáa, mo fi ọwọ́ tó dára kọ ọ́. Nígbà tí bàbá dé Bassila pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀, wọ́n wá ADAMOU Yacoubou títí, wọn ò rí i. Wọ́n ní Bàbá Abẹ́-Igi kan wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n dá igi bàbá padà.”

“Ẹ má jẹ́ kó máa dun Bintou mọ́,” ni bàbá wí. “Ó bọ̀wọ̀ fún mi ni. Ká ní ẹnì kan kà á sí mi létí kí wọ́n tó gbé e lọ, mi ò bá ti bá a tún un ṣe, tẹ̀ríntẹ̀rín.” Ó yíjú sí ibi tí ohùn Bassirath ti ń wá. “Ọgọ́ta igi ni iná jó ní oko mi, ọmọ mi. Mo fọwọ́ kan ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kà wọ́n. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún yìí, ètò náà parí. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí n fọwọ́ ara mi kọ tèmi, kí n sì gbọ́ ohun tí mo kọ.”

Bassirath padà sílé. Ó tún wo fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé rẹ̀, àwòrán kajú rẹ̀ náà wà lókè níbẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó gun alùpùpù akérò lọ sí Bassila, sí ṣọ́ọ̀bù Kafayatou nítòsí ọjà. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni Kafayatou ń ṣe. Àníì ni èdè ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ Nàgó, èdè àwọn ará Manigri, bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ó wo fọ́ọ̀mù náà. “Àǹtí Bassirath, ó rẹwà. Ojú nìkan lẹ ṣe é fún.”

“Mo ti gbọ́. Obìnrin inú fóònù ti sọ fún mi.” Ó ròyìn ti Bàbá Yacoubou fún un, àti ọ̀rọ̀ ìwé ìpè ìgbéyàwó tí ààrẹ sọ.

Kafayatou rẹ́rìn-ín, ó fa àga fún un. “Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Èyí tí ẹ ṣe yìí, àwòrán ilé ni, kò ní ilẹ̀kùn. Fọ́ọ̀mù tó ṣe é kọ ní àpótí, èèyàn á wọ inú àpótí náà, á kọ ọ̀rọ̀ sí i. Àpótí kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní àkọlé tí wọ́n so mọ́ ọn nínú lọ́hùn-ún. Èyí tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú ló ń kà á. Èyí tí ẹ so mọ́ ọn ni fóònù ń kà sí etí. Tí ẹ kò bá so ó, fóònù á kàn sọ pé ‘àpótí.’ Àpótí kí ni? Kò mọ̀.”

Ojú Bassirath là. Ó mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde. “Lọ́jísíẹ̀lì wo wá, irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà wo, ni kí n fi ṣe é? Sọ orúkọ rẹ̀ fún mi.”

“Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká dán wọn wò. Tí orúkọ bá yí padà lọ́la, ẹ ó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń yàn án.”

Mẹ́ta ni Kafayatou ṣí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ṣe fọ́ọ̀mù kékeré oníbèérè mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gba eku kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Bassirath, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀.

“Bọ́tìnnì Tab yìí nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó gbé yín láti àpótí kan bọ́ sí èkejì, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.”

Ti àkọ́kọ́, irú èyí tí Bassirath fi ṣe tirẹ̀, ló rẹwà jù. Bassirath tẹ Tab, tẹ Tab, nǹkan kan kò yí.

“Òun ló bí ìwé ìpè ìgbéyàwó yín,” ni Kafayatou wí. “Ó dára fún ìwé ìpè. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ìyẹn.”

Èkejì ń yí dáadáa, ohùn sì ń ka gbogbo àkọlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù ni wọ́n ń san fún un, gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ímeèlì wọlé.

“Ẹni mélòó ló ní ímeèlì nínú ẹgbẹ́ yín?”

“Èmi àti ààrẹ. Ààrẹ sì ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣí tirẹ̀.”

Ẹ̀kẹta kò dùn-ún wò tó bẹ́ẹ̀. Funfun ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tóbi, ìbéèrè kan wà lábẹ́ ìkejì. Ọ̀fẹ́ ni. Líǹkì kan ṣoṣo ló ń ṣí i lórí fóònù èyíkéyìí, kò béèrè ímeèlì, bí nẹ́tíwọ́kì bá sì já láàárín, ohun tí èèyàn ti kọ ṣì wà níbẹ̀. Kafayatou tan ohùn inú fóònù rẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi di Bassirath lójú.

“Ẹ kọ ọ́ báyìí.”

Bassirath fi ìka wá ojú fóònù. Ohùn náà sọ àkọlé, ó sọ pé àpótí ọ̀rọ̀ ni, ó sọ pé kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀. Bassirath kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì, ohùn sì ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e. Nígbà tó parí, kò tú gèlè náà. Ó ní òun fẹ́ tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí?” ni ó béèrè nígbà tó rí ìmọ́lẹ̀.

“Oníbàárà mi kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di eku kọ̀ǹpútà mú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ Tab. Títí dòní ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ Faransé sí ti bàbá, nítorí òun ni ohùn náà mọ̀ ọ́n kà. Tó bá ń ka Nàgó, á dà bí ẹni tó kó iyán gbígbóná sẹ́nu. Ẹ ṣe ti Nàgó lọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fojú kà. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ẹ má fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ títí bàbá yóò fi dán an wò. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn di ojú, ọ̀tọ̀ ni kó máa gbé bẹ́ẹ̀.”

Bassirath fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ku àárọ̀ ọ̀la nìkan, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sábẹ́ máńgòrò, ó sì fi líǹkì ránṣẹ́ sí fóònù bàbá.

Bàbá kàn án. Ohùn náà fi Faransé wí pé: “Orúkọ tó wà lórí káàdì yín.”

Bàbá jókòó dáadáa. Ó wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò kánjú. Nígbà tó parí, ó pa á láṣẹ kí fóònù kà á. “Adamou Yacoubou,” ni ohùn náà wí, ketekete, káàkiri agbo ilé.

Bintou ti fi ọwọ́ di etí méjèèjì, ó ń lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. “Obìnrin yìí ò mọ̀ pé bàbá ọkọ wa ni.”

“Kò tíì ṣe ìyàwó níbí,” ni bàbá wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ fi dìde.

Bàbá kọ ìyókù, ó dé ìsàlẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́. Fóònù dákẹ́. Ó gbé e sí àyà. “Ó ti lọ. Alihamudulilahi. Bassirath, Ọlọ́run á ṣe é fún ìwọ náà.”

Bassirath tẹ̀ síwájú wo ojú fóònù náà.

“Bàbá, kò tíì lọ.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àpótí kan ti di pupa.”

“Kò sọ fún mi,” ni bàbá wí.

Àpótí tó ń béèrè bí oko ṣe tóbi tó ni. Hẹ́kítà ni fọ́ọ̀mù fẹ́, nọ́ńbà nìkan ló sì ń gbà. Bàbá kọ “ebè 2000.” Ta ni yóò bá a wí? Àárín ebè iṣu ni wọ́n ń gbin kajú sí ní Manigri. Tí iṣu bá kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, igi á dúró. Ebè ni bàbá fi ń mọ oko rẹ̀ láti kékeré, kò sẹ́ni tó fi hẹ́kítà kọ́ ọ. Bassirath náà mọ̀. Bébà àtijọ́ ló dà kọ, kò sì ronú sí i.

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Bintou gbé omi wá fún un. Bassirath yọ hẹ́kítà kúrò. Ó kọ ọ́ pé: “Ebè mélòó ni oko yín? Igi mélòó ló jóná?” Òun náà ni yóò ṣe ìṣirò hẹ́kítà fún bírò. Lẹ́yìn náà ó wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohun tí fọ́ọ̀mù yóò ṣe bí èèyàn bá ṣe àṣìṣe, ó wá ibi tí wọ́n ti lè fi ọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú àwọ̀ pupa, ó sì rí i. Ó fi gbólóhùn kan kún un ní ìparí, tí yóò máa jáde tí fọ́ọ̀mù bá ti lọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tó dé orí iye igi, ó mọ̀ọ́mọ̀ fò ó, ó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́.

“Ẹ kò tíì kọ iye igi tó jóná,” ni fóònù wí, ó sì gbé e padà sí àpótí náà.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni bàbá wí. “Báyìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bá mi sọ̀rọ̀.” Ó kọ ọgọ́ta. Ó gbọ́ gbogbo ohun tó kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi ránṣẹ́.

“A ti gba fọ́ọ̀mù yín. Ẹ ṣeun.”

Bàbá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá nawọ́ wá orí Bassirath, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì ṣàdúrà fún un, àdúrà gígùn, ó ń dárúkọ Kafayatou náà tí kò rí rí.

Lálẹ́ yẹn ni líǹkì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, orúkọ gbogbo wọn ti dé Bassila.

Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀, ọkọ̀ gbé ọmọ igi kajú wá sí Manigri. Akọ̀wé àwọn ẹgbẹ́ Doguè àti Alédjo wá gba tiwọn níbẹ̀. Mamoudou ní kí Bassirath dìde, kó sọ fún wọn bí fọ́ọ̀mù Manigri ṣe wọlé láìsí ẹyọ kan tí wọ́n dá padà.

“Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ má fi ẹwà yan lọ́jísíẹ̀lì,” ni ó wí. “Èmi ti ṣe é rí. Ẹ bi í bóyá ó lè so àkọlé mọ́ àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé eku kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kí ẹ fi Tab rìn ín dé ìparí. Ẹ tan ohùn inú fóònù, kí ẹ di ojú. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe, kí ẹ wò ó bóyá yóò fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́ fún yín tàbí yóò kàn di pupa lásán. Tó bá ń gba owó tí ẹgbẹ́ ò ní, tàbí ímeèlì tí àwọn èèyàn yín ò ní, ẹ wá òmíràn. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó sì ń ṣe gbogbo ìyẹn wà. Ẹ béèrè nǹkan bí àwọn èèyàn yín ṣe ń kà á. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó pín in, ẹ gbé e tọ ẹni tó ṣòro fún jù lọ nínú ẹgbẹ́ yín. Ohun tó bá rọrùn fún un yóò rọrùn fún gbogbo yín. Lẹ́yìn tí a tún ti bàbá ṣe, àwọn ìyá wa tí ojú wọn ti ń ṣú ló wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tóbi.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. “ADAMOU Yacoubou, ọgọ́ta.”

“Èmi nìyẹn,” ni bàbá wí, ó sì dìde fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbìn wọ́n sí àárín ebè iṣu. Bintou ń gbé igi, bàbá ń fi ọwọ́ wá ihò, ó ń kó erùpẹ̀ yí ìdí wọn ká, ó ń kà wọ́n. Nígbà tó pé ọgọ́ta, ó na ẹ̀yìn, ó ní kí Ọlọ́run san án fún gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i.

“Bàbá Abẹ́-Igi,” ni Bintou wí, “igi tí ẹ ó máa jókòó sábẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ báyìí o.”